Ibi Tí Orin Ti Yẹ Kó Rọ̀

Mo ń fa ìró ìlù kan sí àyè rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà nígbà tí àbúrò mi pè mí lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti gbọ́ orin náà dé àárín?"

"Mo wà lórí ẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀?"

"Yóò dáa."

N kò bi í ní ìbéèrè kankan.

Iṣẹ́ mi ni kí n gba orin sílẹ̀, kí n sì tún un ṣe. Àbúrò mi ló ń lùlù. Ọgbọ̀n ọdún la ti jọ ń ṣe é nínú yàrá kan tí a fi fóòmù bo ògiri rẹ̀. Bí ó bá ń lùlù, ó máa ń sáré síwájú díẹ̀, tàbí kó fà sẹ́yìn. Bó bá ti lọ tán, màá to gbogbo rẹ̀ dọ́gba, màá sì pa bó ṣe lù ú ní àkọ́kọ́ rẹ́. Kò fìgbà kan bínú. "Èmi á ṣẹ́ orin, ẹ̀gbọ́n mi á to eegun rẹ̀," ló máa ń wí, àwọn èèyàn a sì rẹ́rìn-ín.

Orin ijó ni èyí. Eré ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di àárín, ó rọ̀, ó ń lọ bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn náà ó tún mú eré. Mo rò pé ó ti ń rẹ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni. Kí orin tó rọ̀, ó dáwọ́ dúró díẹ̀, ó sì sọ nǹkan kan. Mo gé ibẹ̀ jù sínú àpò àjákù inú kọ̀ǹpútà láìgbọ́ ọ. Mo to ìyókù dọ́gba.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, àwọn àgbàlagbà àdúgbò máa ń jó ní gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé. Ìyá wa kì í pa á jẹ. Orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́, nítorí náà á jókòó, á máa fi ọ̀pá lu ilẹ̀, á máa bú àwọn tó ń jó.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi àti àbúrò mi jọ lọ, ó sì fi orin náà sórí ẹ̀rọ. Kò tíì gbọ́ ọ. Kì í yẹ iṣẹ́ mi wò. Ó lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyá wa.

"Màmá, ẹ ní sùúrù. Ó máa rọ̀ láìpẹ́. Tiyín nìyẹn."

"Kó tètè rọ̀ o. Ìdí ń yún mi."

Ìgbà náà ló yé mi.

Ìyá wa gbé ọ̀pá fún ẹni tó jókòó tì í, ó dìde. Ó dúró. Orin kò rọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, orin ti kọjá lọ. Ó gbé èkejì, ẹsẹ̀ yẹ̀. Àbúrò mi ló gbá a mú.

"Alùlù, o fẹ́ pa mí ni?" Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Àbúrò mi wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ̀gbọ́n, mo mú un rọ̀. Àbí n ò mú un rọ̀? Ó dá mi lójú tẹ́lẹ̀."

Ìka tó ṣẹ̀ ni wọ́n ń gé. Tèmi wà nínú àpò ṣòkòtò mi.

"Ọjọ́ orí ń dé sí gbogbo wa," ni mo wí.

Kò lùlù mọ́. Ó fi aṣọ bo àwọn ìlù náà nínú yàrá mi. Oṣù mẹ́ta kọjá kí n tó lọ bá a nílé. Ó ń bó ọsàn. Orí ìdúró ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀.

Kò gbójú sókè. "Ti àkọ́kọ́ ńkọ́?"

"Mo ti pa á rẹ́."

"Ẹ jókòó, Ẹ̀gbọ́n." Ó fún mi ní ìlàjì ọsàn.

"Jẹ́ ká tún un gbà sílẹ̀," ni mo wí.

"Màmá ò lè dìde lórí àga mọ́. Ta ni n ó lù ú fún?"

Nígbà tí mo délé, mo wá inú àwọn àjákù. Ìlù kankan kò sí níbẹ̀. Ohùn rẹ̀ nìkan ló kù, kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ: "Màmá, ó yá, ẹ dìde."