Lẹ́tà Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Kọ

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: èmi ni mo kọ ọ́. Lẹ́tà tí ọ̀gá ilé ìwé wa n'Írémọ, Ọ̀gbẹ́ni Awóníyì, fi jẹ́rìí mi fún àwọn ará Kánádà, èmi Dorcas Láoyè ni mo jókòó nílé tí mo tẹ̀ ẹ́. Ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí? Tẹ́ ẹ bá ní kí ọ̀gá jẹ́rìí yín, wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ kọ ọ́ wá, káwọn buwọ́ lù ú.

Oṣù mẹ́ta ni ètò tí àwọn ará Kánádà náà ń ṣe. Wọ́n ń mú tíṣà girama lọ sókè òkun kí wọ́n lọ wo bí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ń kọ́ ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbìyànjú ẹ̀ tí n kò rí i. Wọn kì í gba ẹni tó bá kọjá ọdún márùndínláàádọ́ta, mo sì pé márùndínláàádọ́ta lóṣù kẹta. Èyí ni ìgbẹ̀yìn.

Àfi bí ọ̀gá ṣe ránṣẹ́ pè mí láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Àwọn ará Kánádà ti kọ̀wé pé àwọn máa pè wọ́n lórí fídíò láago méjì, káwọn bi wọ́n nípa mi.

"Dorcas," ni wọ́n wí, ojú wọn ò fi ẹ̀bi kankan hàn, "kí ni mo sọ nípa ẹ?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn bí ọmọ tó fẹ́ ṣe wáẹ̀kì. Pé eérú àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísìrì, nítorí a ò ní láàbù. Wọ́n bi mí bóyá lóòótọ́ ni mo ń ṣe bẹ́ẹ̀. Inú bí mi. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ṣe é, kíláàsì mi ò sì jìnnà sí ọ́fíìsì wọn. Mo gbé e mì, mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà.

Nígbà tó di aago méjì, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí fóònù ò ti lè rí mi. Obìnrin kan yọ lójú fóònù, ó kí wọn. Wọ́n dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́, wọ́n dáhùn ìkejì, wọn ò ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ. Ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ ni obìnrin náà ní kí wọ́n sọ ọjọ́ kan tí wọ́n jókòó sí kíláàsì mi, àti ohun tí wọ́n rí.

Ọ̀gá kọjú síbi kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n wò mí, òógùn bo iwájú orí wọn. Obìnrin náà wá bi wọ́n bóyá àwọn fúnra wọn ló kọ lẹ́tà náà.

Tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni. Tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, àgbàlagbà tó ku ọdún kan kó fẹ̀yìn tì ni ojú máa tì níwájú àjèjì. Ara mi ò gbà á. Mo bọ́ síwájú fóònù.

"Èmi ni mo kọ ọ́, mà. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ni mo ń ṣe. Ọ̀gá mi ò rí i rí ni."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Nírọ̀lẹ́, àwọn ará Kánádà kọ̀wé sí mi pé àwọn ti yọ orúkọ mi kúrò nínú ètò náà.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá gbé àga wọ kíláàsì mi, wọ́n jókòó sẹ́yìn. N ò kí wọn dáadáa, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo bu eérú, mo fún ọsàn sí i, ó hó, àwọn ọmọ pariwo. Nígbà tí mo kọ́ wọn tán, ọ̀gá fún mi ní ìwé kan tí wọ́n ya nínú nóòtù wọn. Ìlà mẹ́rin péré ni, ohun tí wọ́n fojú ara wọn rí ni wọ́n kọ, wọ́n sì ti buwọ́ lù ú.

Ó dára ju tèmi lọ. Mo sunkún, torí kò sí ẹni tí mo lè fi ránṣẹ́ sí mọ́.