Orúkọ Tó Wà Níwájú Ìwé

Àwọn àgbà ní ẹ̀wù àyábọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò bá fún un lápá, yóò ṣò lọ́rùn. Ṣùgbọ́n èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébùsóyè Oríọlá yá wọ̀, ó yẹ ẹ́ fún ọdún gbọọrọ, àfi ọjọ́ tó wọ̀ ọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Oǹdó.

Onímọ̀ nípa àrùn jẹjẹrẹ ni Adébùsóyè, ní yunifásítì kan ní Àkúrẹ́. Àṣà kan wà níbẹ̀. Bí ọ̀dọ́ olùkọ́ bá ṣe ìwádìí tán, tó sì kọ ọ́ tán, orúkọ ọ̀gá ni yóò fi síwájú, tirẹ̀ á wá máa wọ́ tẹ̀ lé e. Wọ́n ní ọ̀wọ̀ ni; ta ni í bu òkèlè kí àgbà ilé tó bù? Ọ̀gá kì í béèrè ohun tó wà nínú ìwé. Yóò kàn ní kí Ọlọ́run bù kún wọn ni. Báyìí ni ìwé ṣe ń pọ̀ lórúkọ Adébùsóyè, tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè sì ń tọ́ka sí i nínú tiwọn pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ làwọn ti rí ọ̀rọ̀. Kò sí ìpàdé tí yóò lọ ní Alágbàká, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba wà, tí kò ní sọ bí ìtọ́kasí náà ti pọ̀ tó. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, ta ló mọ èyí tí inú ń run?

Ìgbà tó yá ni jẹjẹrẹ ọmú mú Ìbídùnní, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fi iṣẹ́ aṣọ rírán tọ́ ọ lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún un ní ilé ìwòsàn ní Oǹdó sọ ọ́ di ẹni tó ń bì ṣáá. Irun orí rẹ̀ re tán. Ó ní bí wọn ò bá dín in kù, òun ò gbà á mọ́. Dókítà Àbdùlláhì tó ń tọ́jú rẹ̀ sọ pé òun ti ka ìwé kan tó ní ìdajì oògùn náà lè tó, pé orúkọ àbúrò màmá yìí gan-an ló sì wà níwájú ìwé ọ̀hún. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí Adébùsóyè.

Nígbà tó dé, díẹ̀ ló kù kí dókítà náà dọ̀bálẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, Prof. Ṣé ti màmá náà ṣe é dín?"

Adébùsóyè kò ka ìwé náà kọjá àkọlé rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wò ó, ó ń sọ fún nọ́ọ̀sì pé ọmọ tóun tọ́ rèé tí aráyé ń ka ìwé rẹ̀. Ojú wá ti Adébùsóyè láti sọ pé òun ò mọ̀.

"Ó ṣe é dín," ló sọ.

Nígbà tó dé Ọ̀wẹnà lọ́nà Àkúrẹ́, ọkàn rẹ̀ kò lélẹ̀ mọ́. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń sun bọ̀ọ̀lì, ó sì pe Títílọpẹ́, ọ̀dọ́ olùkọ́ tó kọ ìwé náà. Ó sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un. Ọmọbìnrin náà ní:

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dín in. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn kéré ló ṣiṣẹ́ fún. Àwọn àgbàlagbà tá a dín tiwọn, kíá ni àrùn náà padà sí wọn lára. A kọ ọ́ síbẹ̀, sà."

Adébùsóyè pe Àbdùlláhì kíákíá pé kó dáwọ́ dúró, ó ní òun ti tún un rò. Ó rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àṣé Ìbídùnní ti ń di ẹrù rẹ̀. Ó ní àbúrò òun ti sọ pé kí wọ́n dín in, pé ẹni tó bá fẹ́ fún òun ní odidi, irọ́ ló ń pa mọ́ ọmọ tóun tọ́. Nígbà tí Àbdùlláhì pè é padà ròyìn èyí, Adébùsóyè yí ọkọ̀ padà.

Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ìyẹn ti wọ bàtà. Ó ṣàlàyé, ó tún un ṣàlàyé, obìnrin náà ò gbà.

"Èwo ni ká gbọ́ nínú méjèèjì? Ìwé tìẹ náà ló ní kí wọ́n dín in."

Nọ́ọ̀sì ti dúró. Dókítà ti dúró. Bí obìnrin yìí bá lọ, jẹjẹrẹ ni yóò bá a relé.

"Ìwé mi kọ́, Ẹ̀gbọ́n. Orúkọ mi ni wọ́n kàn fi síwájú. Mi ò kà á."

Àbdùlláhì ń wolẹ̀ bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀. Ìbídùnní tún gèlè orí rẹ̀ so, kò kánjú.

"Bó o ṣe jókòó níbí láàárọ̀ yìí, tí mò ń fi ẹ́ yangàn, o ò kà á?"

Ìbídùnní tún bi í pé:

"Ta ló kọ ọ́?"

"Ọmọbìnrin kan ni. Títílọpẹ́."

"Pè é fún mi. Òun ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀."

Ó pè é, ó sì gbé fóònù fún un. Ìbídùnní kí ọmọ náà, ó bi í léèrè ilé àti ọ̀nà, ó wá ka ìyà tí abẹ́rẹ́ ń fi jẹ ẹ́ fún un. Wọ́n pẹ́ lórí ẹ̀. Nígbà tó yá, obìnrin náà tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní kí ọmọ náà má purọ́ fún òun o, pé irọ́ ti tó òun jẹ lónìí. Lẹ́yìn náà ló bọ́ bàtà, ó sì na apá sí nọ́ọ̀sì.

Ẹnikẹ́ni ò sọ fún Adébùsóyè pé kó jókòó. Ó ń rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Àbdùlláhì tọ̀ ọ́ wá, tó rọra béèrè pé, bí kò bá ní bí wọn nínú, kí wọ́n jọ̀wọ́ fún òun ní nọ́ńbà Dókítà Títílọpẹ́.