Bàálù Kẹta sí Ajue

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi kọ èrò sínú ìwé ní gárèèjì Ajue, nílùú Òrè, mi ò sì rí ọjọ́ kan tí ọkọ̀ gbéra kí ó tó kún. Èrò méjì ni ọ̀kadà ń gbé. Bí ó bá ku ẹnì kan, a óò dúró dè é. Kì í ṣe òfin ìjọba. Bí ayé ṣe rí nìyẹn, títí Eli fi dé.

Eli ni àkọ́bí alága gárèèjì wa. Ó ti ṣiṣẹ́ l'Ékòó ní ilé-iṣẹ́ bàálù kan tó ti kógbá sílé, kò sì mú nǹkan bọ̀ ju kọ̀ǹpútà kan lọ. Inú rẹ̀ ni ètò tí wọ́n fi ń pín bàálù wà: èyí tó ń sọ bàálù tí yóò gbéra, páílọ́ọ̀tì tí yóò wà á, àti ohun tí wọ́n máa fi èrò ṣe bí òjò bá da ìrìnàjò rú. Alága wò ó, inú rẹ̀ dùn. Ó ní òun kò gbọ́ ọ rí pé páílọ́ọ̀tì ń bá ara wọn jà nítorí tọ́ọ̀nù, ìyẹn ẹni tó kàn láti gbé èrò.

Ètò náà kò mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀kadà. Ni Eli bá fi ọ̀kadà mẹ́fà wa sínú rẹ̀ ní bàálù mẹ́fà. Omifunfun, abúlé tí à ń gbé èrò lọ, di pápákọ̀ òfuurufú. Araromi-Obu náà dì í. Ajue pẹ̀lú gbogbo ẹrẹ̀ rẹ̀ kò gbẹ́yìn. Alága kan ìṣó mẹ́fà mọ́ ògiri ọ́fíìsì, ó fi kọ́kọ́rọ́ àwọn ọ̀kadà kọ́ wọn, ó sì búra pé kọ́kọ́rọ́ kankan kò gbọdọ̀ kúrò lórí ìṣó láìjẹ́ pé ẹ̀rọ tẹ ìwé jáde fún un. Èmi ìyá Lọ́pẹ́, tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, ni wọ́n ní kí n wá máa fi ìka kan tẹ èrò sínú ẹ̀rọ.

Ní ọjọ́ kìíní, Hámzàt, ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ wa, gbéra lọ sí Araromi-Obu ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìgbé ẹnì kankan. Èrò mẹ́rin ń sáré tẹ̀lé e, wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀. Kò dúró, torí ẹ̀rọ ti ní ilẹ̀kùn bàálù ti tì. Bí awakọ̀ bá sì ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ, ẹ̀rọ a ní ó ti rẹ̀ ẹ́, ibi tí aago bá ti ká a mọ́ ni kí ó ti sọ̀kalẹ̀. Hámzàt yìí náà ni aago ká mọ́ àárín odò. Mo ti rí wèrè tó ń já ewé, mo ti rí èyí tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ń tẹ ìwé jáde, òun ni mi ò rí rí.

Mo fi ń rẹ́rìn-ín, títí di ọjọ́ Ẹtì tí Toyibat gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa wá.

Mo mọ̀ ọ́n lójú. Ará Ìwó ni, òun àti Sùlèímọ̀n ọkọ rẹ̀ ló wá dáko kòkó lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ní Ajue. Sùlèímọ̀n ti kú, Toyibat sì ti lọ ṣe opó nílé. Ìgbà yẹn ló ń padà bọ̀. Àwọn ẹbí tó ni ilẹ̀ ní àṣà kan: lọ́dọọdún, ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá síbi ìpàdé ẹbí ní Ajue, kẹ́ẹ̀gì epo kan. Lọ́dún yìí wọ́n ní ọjọ́ Ẹtì yẹn, kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ ti fi oko sílẹ̀ nìyẹn.

Bàbá Ìyìnolúwa, olórí ẹbí, ló fi òpin náà lélẹ̀. Alàgbà ni nínú ìjọ Aládùúrà, gbogbo wa la sì mọ̀ pé ó ti ń wo oko Sùlèímọ̀n fún ọmọ ara rẹ̀. Òun náà sùn ní Òrè lọ́jọ́ tó ṣáájú, òun ló sì kọ́kọ́ dé iwájú tábìlì mi láàárọ̀ yẹn. Ẹ̀rọ béèrè irú èrò tó jẹ́. Mo fẹ́ tẹ èrò lásán. Ó fi ọ̀pá lu tábìlì.

"Èmi lèrò lásán? Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ènìyàn pàtàkì ni mí!"

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Toyibat kúnlẹ̀ kí i. Bàbá wo kẹ́ẹ̀gì, ó wo ojú obìnrin náà, ó ní, "Ọ̀nà á dáa o," bí ẹni tí kò fẹ́ kó dáa.

Ní aago mẹ́jọ, ẹ̀rọ dún. Ó ní ìjì líle ń jà, òun sì ti fagi lé gbogbo bàálù sí Ajue títí di aago mẹ́ta ọ̀sán. Mo yọjú síta. Oòrùn ń ta débi pé àwọn ará òdìkejì ti sá kòkó. Mo bi Eli léèrè pé ìjì dà. Ó ní pápákọ̀ òfuurufú kan tó jìnnà sí wa ni ẹ̀rọ ti ń gba ìròyìn ojú ọjọ́, ẹni tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń yí i padà ti lọ sí Kánádà.

Kò sí ìwé, kò sí kọ́kọ́rọ́. Ọ̀kadà tí kì í ṣe tiwa kò sì gbọdọ̀ gba ọ̀nà Ajue, ẹgbẹ́ ọlọ́kadà ti fòfin dè é tipẹ́tipẹ́.

Ẹ̀rọ wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú èrò. Ó ní ènìyàn pàtàkì kò gbọdọ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì: kí a wá òtẹ́ẹ̀lì fún un, kí a fún un lóúnjẹ, kí a má sì jẹ́ kó wọ bàálù títí ìjì yóò fi rọ̀ pátápátá. Òtẹ́ẹ̀lì tí Eli ní kò ju ilé àdúrà ẹ̀yìn gárèèjì lọ, níbi tí àwọn olùṣọ́ òru máa ń tẹ́ ẹní sí. Wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹja fún Bàbá Ìyìnolúwa, wọ́n fún un ní ìrọ̀rí. Ó yó, ó ní ta ló máa ṣèpàdé láìsí òun, ó sì sùn lọ.

Ní ti Toyibat, ẹ̀rọ ní kó gba Araromi-Obu àti Omifunfun lọ sí Ajue lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Kò sunkún. Ó kàn jókòó ti kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. "Ìyá Lọ́pẹ́," ó ní, "ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Kò sí igi kòkó kan níbẹ̀ tí kì í ṣe ọwọ́ wa ló gbìn ín. Etí oko yẹn náà la sin Sùlèímọ̀n sí."

Inú bí mi. Mo wọlé tọ Eli lọ.

"Kí ni wèrè yìí máa ń jẹ́ kó gbéra nígbà ìjì?"

"Bàálù òfìfo nìkan ni, mà. Páílọ́ọ̀tì lè dá gbé e lọ síbi tí wọ́n ti máa lò ó lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti ní kí gbogbo páílọ́ọ̀tì wa lọ sinmi."

Mo pe obìnrin náà wọlé. "Ìyàwó Sùlèímọ̀n, ṣé o lè wa ọ̀kadà?"

Ó wò mí bí ẹni tí mo bi bóyá ó lè se ẹ̀bà. "Láti ìgbà tí ojú Sùlèímọ̀n ti ń ṣú, ta lẹ rò pé ó ń fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé e kiri abúlé?"

Mo jókòó, mo na ìka mi. Ẹ̀rọ béèrè orúkọ páílọ́ọ̀tì, orúkọ rẹ̀ gan-an àti ti baba rẹ̀. Mi ò béèrè yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó ní, "Toyibat Oyèlọlá." Ẹ̀rọ béèrè iye wákàtí tó ti fò. Ó ka ọdún mẹ́fà, ó ka ọjọ́ ọjà, ó ní kí n kọ ẹgbẹ̀rún méjì. Ó ju ti gbogbo awakọ̀ wa lọ. Kíá ni ìwé jáde: bàálù kẹta, òfìfo, sí Ajue.

Eli wo ìwé, ó wo kọ́kọ́rọ́. "Epo yẹn ńkọ́?"

"Epo kì í ṣe èrò," mo ní.

A so ó mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Nígbà tí Toyibat ṣáná sí ọ̀kadà, Eli kígbe bó ṣe máa ń kígbe sí gbogbo wọn pé kó de bẹ́líìtì rẹ̀. Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú ni.

Àǹtí Olúbísí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ni akọ̀wé ẹbí náà, òun ló sì sọ ìyókù fún mi. Ó ní aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú ni obìnrin kan já wọ agbo ìpàdé lórí ọ̀kadà, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Nígbà tí aago méjìlá lù, Àǹtí fàlà sábẹ́ orúkọ tó gbẹ̀yìn, ó pa ìwé dé, bó ṣe máa ń ṣe sí ọmọ iléèwé tó bá pẹ́.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni Bàbá Ìyìnolúwa dé. Ó ní ta ló gbé obìnrin yìí wá nígbà tí bàálù kankan kò gbéra?

"Èmi ni mo gbé ara mi wá, bàbá," Toyibat ní.

Bàbá fa ìwé ẹ̀rọ yọ, èyí tó ní ènìyàn pàtàkì ni òun àti pé ìjì ló dá òun dúró. Àǹtí Olúbísí wọ awò, ó kà á sókè fún gbogbo wọn. Àwọn àgbààgbà gbójú sókè wo òfuurufú. Ọ̀kan béèrè pé, "Ìjì wo?" Ni bàbá bá fi èdè Ìkálẹ̀ bú ẹ̀rọ náà, ó bú Eli, ó bú mi. Àǹtí ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ fi aago méjìlá sí i. Ẹni tó dé ti wà nínú ìwé. Ẹ̀yin ni ẹ ò sí níbẹ̀." Àwọn yòókù fọwọ́ sí i.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo wá ìwé àtijọ́ mi jáde lábẹ́ ẹrù. Mo wá Toyibat nínú rẹ̀, ọdún dé ọdún. Ohun tí mo kọ kò yí padà: obìnrin kan, Ajue, pẹ̀lú ẹrù. Ojú tì mí. Ẹ̀rọ tí mò ń pè ní wèrè ló kọ́kọ́ béèrè orúkọ rẹ̀.

Àǹtí Olúbísí ní nígbà tí Toyibat dé, òun ti fẹ́ kọ "ìyàwó Sùlèímọ̀n" bó ṣe wà nínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀. Toyibat ní kí òun dúró ná. Ó fa aṣọ nu ẹrẹ̀ ọwọ́ rẹ̀, ó sì fẹsọ̀ pe orúkọ ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe pè é fún mi láàárọ̀ yẹn.