Mísì Lazarus

"Mísì! Mísì ni wọ́n ń pè é!"

Ìyá Démiládé kò tíì jókòó tán tó ti ń pariwo nínú pálọ̀ Bàbá Lazarus, ní Ìlàjẹ, ní Bàrígà. "Mo dé hòsípítù tó ti ń ṣiṣẹ́ lónìí, mo ní kí wọ́n bá mi pe Dókítà Oyinkọ́lá Lazarus. Nọ́ọ̀sì kan wò mí tìkà-tẹ̀gbin, ó ní, 'Ṣé Mísì Lazarus lẹ ń béèrè?' Démiládé, ìyàwó tó o fẹ́ fẹ́ kì í ṣe dókítà! Wọ́n ti purọ́ fún wa!"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Oyinkọ́lá, ọmọ Bàbá Lazarus. Ó wo ojú Démiládé, ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ lórí fóònù máa ń mú kí ó gbàgbé pé ó ti dúró ṣiṣẹ́ abẹ láti àárọ̀. Démiládé kò rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ má bínú, mà," ni Oyinkọ́lá wí. "Níbi iṣẹ́ tiwa, ẹni tó ṣì ń kọ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ń pè ní dókítà. Tó bá yege ìdánwò àṣekágbá, ọkùnrin á di Mísítà, obìnrin á di Mísì. Torí pé mo ti di ọ̀gá ni wọ́n fi ń pè mí bẹ́ẹ̀."

"Hẹn? Ká gòkè títí, ká tún já bọ́ sí Mísì?"

"Kò le," ni Démiládé wí. "Tá a bá ti ṣègbéyàwó, ó di Mísíìsì." Ó na fóònù sí i. "Oyin mi, ẹ̀gbọ́n mi ń retí ẹ. Sọ fún wọn pé o máa bẹ̀rẹ̀ ní hòsípítù wọn ní Pedro."

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n Démiládé fẹ́ gbé hòsípítù tuntun lé Oyinkọ́lá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n yunifásítì kan ti pè é, kó máa ṣiṣẹ́ abẹ, kó máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kó sì tún padà di akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ láti ṣe ìwádìí.

"Ìwé kẹ̀?" ni Ìyá Démiládé wí. "Látìgbà tí ọmọ mi ti mọ̀ ẹ́, ìwé lò ń kà. Ṣé ìwé ló máa bí ọmọ-ọmọ fún mi ni?"

Oyinkọ́lá dìde, ó gbé apá òsì bàbá rẹ̀ sókè. Apá náà parí sí ọrùn ọwọ́.

"Ẹ̀gún ẹja òbòkún ló gún wọn lẹ́nu iṣẹ́ ẹja pípa nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ndírì. Egbò yẹn jẹrà títí wọ́n fi gé ọwọ́. Mà, èmi náà ti mọ ọwọ́ gé báyìí, mo sì mọ̀ ọ́n gé dáadáa. Ohun tí mi ò tíì mọ̀ ni ìdí tí ẹ̀gún ẹja lásán fi ń jẹ ọwọ́ apẹja run. Tí mo bá lọ sí Pedro, màá máa gé e ni. Mo fẹ́ wá ohun tí kò ní jẹ́ ká gé e mọ́."

"Ẹlòmíràn ò lè wá a ni?" ni Démiládé béèrè.

"Èmi ni mo fẹ́ wá a."

Ohùn Démiládé lọ sílẹ̀. "Oyin, mú ọ̀kan. Èmi, àbí ìwádìí."

Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Ọkùnrin tó máa ń gbé oúnjẹ gbígbóná dúró dè é lẹ́nu géètì hòsípítù ló ń sọ bẹ́ẹ̀! Oyinkọ́lá gba fóònù, ó padà jókòó ti bàbá rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ káàsán, sà. Oyinkọ́lá ni. Ẹ ṣeun gan-an, sà, ṣùgbọ́n mi ò ní lè wá. Yunifásítì ni mò ń lọ."

Ìyá Démiládé fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. "Démiládé, dìde! Ìwé ti gbé ìyàwó ẹ lọ!" Ó jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe kẹ̀kẹ́ Márúwá.

"Ọma mi," ni Bàbá Lazarus fi ohùn Ìlàjẹ wí, "ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Bàbá. Ọkàn mi ló ń dùn mí."

Démiládé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan nínú ilé, ẹsẹ̀ kan níta. "Oyin, ṣé o lé mi nìyẹn?"

"Mi ò lé ẹ. Ilẹ̀kùn ò tì. Àmọ́ mi ò ní jáde wá bẹ̀ ẹ́."

Omijé ti ń ṣàn lójú Oyinkọ́lá. Kò fi pa mọ́ fún un. Ìyá Démiládé ń pariwo orúkọ ọmọ rẹ̀ níta, Démiládé sì ń wo Oyinkọ́lá, ó ń retí pé yóò dìde.

Oyinkọ́lá jókòó ti bàbá rẹ̀. Kò dìde.