Ọgbọ̀n Dọ́là Apenisa

Ìlà pupa kò ba Unaisi lẹ́rù rí. Ìlà pupa ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí oṣù bá ti wọlé, yóò kó ìwé báǹkì àti ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ìlú Savusavu sínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ á sì máa fi wọ́n wéra. Owó tó bá rí olówó rẹ̀ á di àwọ̀ ewé. Èyí tí kò bá rí i á di pupa, Unaisi á sì jókòó tì í títí yóò fi mọ ẹni tó ni ín. Ìlà àwọ̀ ewé kan ṣoṣo ló ń já a láyà: Apenisa, ọgbọ̀n dọ́là, ó bára mu.

Apenisa ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Oṣù mẹ́jọ rèé tó ti lọ dẹ àwọ̀n lójú òkun. Wọ́n rí ọkọ̀ rẹ̀ ní ìdojúdé, wọn ò rí òun. Nígbà tó wà láyé, ọgbọ̀n dọ́là ló máa ń fi pamọ́ lóṣooṣù. Ó lọ tán, ọgbọ̀n dọ́là ò dúró. Ẹ gbà mí o! Ta ló ń ti ìsàlẹ̀ òkun lọ sí báǹkì?

"Òkú tìrẹ yìí mà kúkú dáa," ni Salesh wí, ẹni tí òun àti Unaisi jọ ń lo yàrá kan níbi iṣẹ́. "Gbogbo alààyè tí mò ń lé kiri yìí, kò sí èyí tó ń dá tiẹ̀ lásìkò tó bẹ́ẹ̀."

Unaisi ò rẹ́rìn-ín. Salesh rí ojú rẹ̀, ó gbé rótì tó ń jẹ kalẹ̀.

"Má bínú, jàre. Ẹnu mi ò níjàánu. Ṣùgbọ́n bọ́tìnì kan wà níbẹ̀ tó máa sọ ìdí tí ẹ̀rọ fi ní ó bára mu. Kí ló dé tí o ò tẹ̀ ẹ́?"

"Màá tẹ̀ ẹ́."

"Láti oṣù kẹta lo ti ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́nu."

Irọ́ kọ́. Ẹ̀rù ló ń bà á. Bí kò bá tíì tẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì lè wà ní erékùṣù kan, kó máa ṣiṣẹ́, kó máa bínú sí wọn.

Tilé ló wá burú jù. Kelera, ìyá wọn, ti fojú ara rẹ̀ rí owó náà nínú ìwé ìfowópamọ́. "Òkú kì í dá àjọ," ló wí, kò sì jẹ́ fọwọ́ kan aṣọ dúdú tí wọ́n fi ń ṣọ̀fọ̀. Ojoojúmọ́ ló ń bo oúnjẹ Apenisa sílẹ̀, ẹ̀gẹ́ àti ẹja, kò sì ti ilẹ̀kùn. Àwọn àgbà ìjọ ti wá lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, àwọn máa ṣe àdúrà ìdágbére fún un. Ìyá ní bí wọ́n bá kọ orin òkú lé ọmọ òun alààyè lórí, òun ò ní í bá ẹnikẹ́ni nínú wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí òun yóò fi kú. Wọ́n ní ọmọ kú yá ju ọmọ nù lọ. Ẹ lọ sọ fún ẹni tí tirẹ̀ nù.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Unaisi tẹ bọ́tìnì náà. Ẹ̀rọ kọ ọ́ gàdàgbà: *Owó yòówù tó bá jẹ́ orúkọ Apenisa, kí a gbé e fún Apenisa. Ẹni tó pàṣẹ: Unaisi.* Ọjọ́ kejì tí wọ́n rí ọkọ̀ ló pa àṣẹ náà.

Ó rántí. Ilé ò gbà á lọ́jọ́ náà, ló bá wá síbi iṣẹ́. Ọgbọ̀n dọ́là kan wọlé, orúkọ nìkan ló wà lára rẹ̀, ó sì rò pé ẹ̀gbọ́n òun ló san án kó tó lọ. Ẹ̀rọ bi í pé ṣé kí òun máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí lọ. Omijé ò jẹ́ kó ríran. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Ta ló sì ń béèrè orúkọ bàbá ní Savusavu? Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà níbẹ̀, *yaca* ni wọ́n ń pe ara wọn, wọ́n sì pọ̀ bí iyanrìn.

Ó gba nọ́ńbà fóònù ẹni tó ń san owó náà lọ́wọ́ báǹkì, ó sì pè é.

"Apenisa ni," ni ohùn ọkùnrin kan wí. Unaisi di tábìlì mú.

Ọkùnrin tó ń sá àgbọn tà lódìkejì omi ni. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ ló ti ń fi pamọ́ láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, kò sì kọ nọ́ńbà àkáǹtì sí i rí. Unaisi ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un.

"Háà," ni ọkùnrin náà wí. "Yaca mi." Ó ní òun á wá sí ọ́fíìsì ní Mọ́ńdè.

Unaisi fẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹnu rẹ̀ wúwo. Ní àárọ̀ Sátidé, ẹ̀ẹ̀mejì ló la ẹnu, ọ̀rọ̀ ẹja ló ń bọ́ síta. Ọ̀sán pọ́n, wọ́n jókòó ti oúnjẹ. Ẹsẹ̀ ń dún bọ̀ níta. Ìyá ké sí onítọ̀hún, bí wọ́n ṣe ń ké sí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá nígbà oúnjẹ níbẹ̀.

"Yà wá jẹun o! Ta nìyẹn?"

"Apenisa ni, mà."

Áà! Orúnkún tó ti ń yọ ìyá lẹ́nu láti ọdún yìí wá, ọjọ́ yẹn ló sáré. Ó débi ilẹ̀kùn ṣáájú Unaisi. Ọkùnrin kúkúrú kan ló kúnlẹ̀ síta, orí rẹ̀ ti ń funfun, ìdì gbòǹgbò *yaqona* tí wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀ wà níwájú rẹ̀.

"Mi ò lè dúró di Mọ́ńdè, mà," ló wí. "Mo béèrè ilé yín títí mo fi dé ibí. Oṣù mẹ́jọ ni owó mi fi ń jẹ́ orúkọ ọmọ yín. Mi ò sì wá kí yín."

"Èmi ni, Màmá," ni Unaisi wí, ó sì bú sẹ́kún. "Owó tiwọn ni. Èmi ni mo kọ́ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò san nǹkan kan."

Ìyá ò wojú rẹ̀. Ọkùnrin náà ló ń wò, ó wò ó títí.

"Apenisa lo ń jẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé o ti jẹun?"

Ó fà á wọlé, ó mú un jókòó sórí ẹní, ó ṣí àwo tó bò sílẹ̀, ó gbé e síwájú rẹ̀. Ọkùnrin náà wo Unaisi, ó tún wo àwo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Kò yára, kò sì ṣẹ́ nǹkan kan kù, ìyá sì ń wò ó títí ẹja fi ku egungun.

Ìyá gbé àwo náà, ó fọ̀ ọ́, ó dojú rẹ̀ dé sáàárín àwọn yòókù. Ó wá nu ọwọ́ rẹ̀.

"Unaisi," ló wí, "lọ mú aṣọ dúdú mi wá nínú àpótí. Mú tìrẹ náà."