Ìborùn Firmin

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Ghislaine fi kọ̀ láti fọ ìborùn ọkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Firmin ní ìlú Lyon nílẹ̀ Faransé, inú ọ̀rá ló ń dè é mọ́. Ọjọ́ Àìkú nìkan ló máa ń tú u, á ti imú bọ̀ ọ́, á sì yára dè é padà kí òórùn tó kù má bàa sá. Òórùn páṣúlì ni, ewé tó ń rùn bí ilẹ̀ tútù, lọ́fínńdà kan ṣoṣo tí Firmin lò títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, díẹ̀ ló kù kó má gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹ̀rù bà á.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló rí lọ́fínńdà náà, èyí tí wọn ò ṣe mọ́ tipẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù kan.

"Òun náà ni, Màdáámù," ni ọmọbìnrin tó ń tà á wí, ó fín in sára bébà tẹ́ẹ́rẹ́. "Wọ́n kàn tún un ṣe díẹ̀, kó bá ayé òde òní mu."

Ẹ gbọ́ ná, ta ló ń tún òkú ṣe kó bá ayé òde òní mu? Ghislaine gbóòórùn bébà náà. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti ọṣẹ.

"Firmin wá dà nínú ẹ̀?"

"Ta ni, mà?"

"Má dá mi lóhùn, ọmọ mi. Bá mi dì í, mo rà á."

Bó ṣe délé, Solange àbúrò rẹ̀ pè é lórí fóònù, Ghislaine sì ròyìn lọ́fínńdà náà fún un. "O tún lọ rà á? Opó ni ẹ́ o, o kì í ṣe ajá ọdẹ. Jẹ́ kí imú ẹ sinmi!"

"Bébà ni ò jẹ́ kó jáde. Firmin ò fín in sára rí, ìborùn onírun àgùntàn yìí ló máa ń fín in sí. Ó ní páṣúlì kì í jí àfi lára irun àgùntàn, tó bá di ọjọ́ kejì."

"Ẹ̀gbọ́n mi, má dán an wò o!"

Ó ti pa fóònù. Ó fín in sí ìborùn náà lẹ́ẹ̀mẹta, bí Firmin ti máa ń ṣe, ó sì gbé e kọ́ ẹ̀yìn àga ọkọ rẹ̀. Ó fi búrẹ́dì gígùn jẹ ọbẹ̀ àlùbọ́sà, ó dojú kọ àga náà. Ìdajì búrẹ́dì ṣẹ́ kù, bó ti ń ṣẹ́ kù lójoojúmọ́, nítorí búrẹ́dì ẹni méjì ló ṣì ń rà. Inú rẹ̀ dùn, bí ẹni tó ń retí ọkọ láti ibi iṣẹ́.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ti imú bọ ìborùn náà. Ọsàn àti ọṣẹ ló gbọ́, òórùn ọmọkùnrin èyíkéyìí tó ń wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀. Ó wá Firmin ní etí aṣọ, ó wá a ní ojú rírán. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù lára ọkọ rẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi bò ó mọ́lẹ̀. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Lẹ́yìn náà, ó bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú bàsíà, ó sì fọ ìborùn náà. Nígbà tó gbẹ, ó wé e mọ́ ọrùn ara rẹ̀, ó gba ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì lọ. Ìdajì ló ní kí wọ́n gé fún òun.