Ọ̀pá Sítíárìn Gencho

Bí Dobri bá ti mu kọfí àárọ̀ rẹ̀ tán, iṣẹ́ tó kù fún un lójúmọ́ ni kó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà gáréèjì, kó sì máa fojú tín-ín-rín wo ọkọ ọmọ rẹ̀. Iṣẹ́ yìí kì í sú u. Òun ló fi gbogbo ìgbà agbára rẹ̀ wa bọ́ọ̀sì láti orí òkè wọn yìí sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìlú Gabrovo, nínú òjò, nínú yìnyín, kò sì gbà pé ẹlòmíì wà lábúlé tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọkọ̀.

Gencho ni ọkọ ọmọ náà. Agbélẹ́tà ni, èèyàn jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ilé àna ló ń gbé. Lábúlé wọn, ọkùnrin tó bá kó ẹrù tẹ̀ lé ìyàwó wọ ilé bàbá ìyàwó ti ta iyì ara rẹ̀. Bó kọ́ ilé alájà mẹ́ta síbẹ̀, wọ́n á ṣáà ní abẹ́ òrùlé obìnrin ló ń sùn. Dobri kì í pe orúkọ rẹ̀ níwájú àlejò. "Ọkọ inú ilé wa" ló ń pè é, á sì yínmú sí i, kí àlejò má baà ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́.

Nísinsìnyí Raditsa, ọmọ Gencho, fẹ́ ṣègbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé. Ọkọ̀ kan wà tí Dobri àti Stoyna ìyàwó rẹ̀ tó ti dolóògbé fi ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó tiwọn, tó wá ń dípẹtà lábẹ́ igi ẹ̀yìnkùlé. Inú rẹ̀ ni Raditsa ti ń ṣeré láti kékeré, ohun tó sì ń sọ kò yí padà: ọkọ̀ yìí ni yóò gbé òun lọ ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá àgbà ni yóò wà á. Gencho ní òun á jí i dìde. Dobri rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á lẹ́nu.

Ó jí i dìde lóòótọ́. Ẹ́ńjìnnì dáhùn, ọ̀dà funfun ń dán. Dobri ní bí wọ́n bá kun òkú lọ́dà, òkú náà ló ṣì jẹ́. Àfi ìgbà tó kan sítíárìn ni ọwọ́ Gencho há. Ọ̀pá sítíárìn gùn: ìdè kan mú un lókè lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó gba ihò ògiri irin tó wà láàárín ẹsẹ̀ awakọ̀ àti ẹ́ńjìnnì kọjá, kó tó dé ibi tó ti ń yí táyà. Ó ní láti gún láti òkè délẹ̀. Ti Gencho, bó bá yí i sọ́tùn-ún, á lọ bí omi. Bó bá yí i sósì, á há.

Kíá ni Dobri ti mọ̀ ọ́n. Gbogbo nọ́ọ̀tì lèèyàn ń tú sílẹ̀ ná, á yí sítíárìn síhìn-ín sọ́hùn-ún títí ọ̀pá á fi sùn síbi tó bá a lára, kó tó máa dè é díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dọ̀yọ̀ yìí ti lọ de tòkè mọ́lẹ̀ kó tó bojú wo tìsàlẹ̀. Gbólóhùn kan ni, Dobri ò sọ ọ́. Ó fẹ́ kí wọ́n bẹ òun. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tiwa yìí wà lọ́jà, orí ọmọ wọ́, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń gbádùn ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeé, àwọn obìnrin ń sun tatàṣé nínú àgbàlá, èéfín gba gbogbo ilé. Raditsa wọ gáréèjì tòun ti ọwọ́ pupa, ó bi bàbá rẹ̀ bóyá ọkọ̀ á lè lọ lọ́jọ́ Sátidé. Gencho ní òun ṣì ń wò ó.

Dobri pòṣé. "Bó bá jẹ́ wíwò ni, màlúù náà ń wo ọkọ̀ ojú irin."

Raditsa ò rẹ́rìn-ín. "Bàbá àgbà, ṣé ẹ mọ ohun tó ń ṣe é?"

"Kí wọ́n tó bí bàbá ẹ ni mo ti mọ̀ ọ́n."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi ṣe é."

Ẹ̀bẹ̀ náà dé, láti ẹnu tó tilẹ̀ dùn jù lọ. Dobri dìde, ó gba sípánà lọ́wọ́ Gencho láìwojú rẹ̀. Ó tú nọ́ọ̀tì, ó yí sítíárìn síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó dè é díẹ̀díẹ̀, ó sì ń kéde ohun tó ń ṣe lóhùn rara títí àwọn obìnrin fi fi tatàṣé sílẹ̀ wá wòran. Ó ní kí Raditsa jókòó, kó yí i wò.

Ó yí i sọ́tùn-ún, ó lọ. Ó yí i sósì, ó há síbi tó ti ń há tẹ́lẹ̀.

Dobri tún un tú, ó tún un dè. Ibi kan náà ló há sí. Àágùn bo ojú rẹ̀.

Gencho ló wá sọ ọ́, pẹ̀lẹ́ ni. "Bàbá, mo ti tú u bẹ́ẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Ògiri irin yẹn ni. Ti àtijọ́ ti dípẹtà tán, èmi ni mo jó tuntun síbẹ̀, mo jó o wọ́, ihò rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àfi ká gé e kúrò, ká tún un jó. Kò lè bọ́ sí Sátidé mọ́."

"Láti oṣù tó kọjá?" Raditsa yíjú sí bàbá rẹ̀. "Àyè ṣì wà nígbà yẹn. Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Kó tó dọ̀sán gbogbo kafé abúlé á ti gbọ́ ọ, wọ́n á ti fi mí ṣẹ̀sín tán. Mo rò pé mo lè dọ́gbọ́n sí i kẹ́nikẹ́ni tó mọ̀. Mi ò rí i dá."

Gbogbo wọn wo Dobri. Ojú tì í gidi, ó sì mọ ohun tó yẹ kóun sọ. Kó ṣáà ní, Gencho, má bínú, ọwọ́ ta ni kì í ṣì. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ó la ẹnu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ti mọ́ ẹnu náà lára ló jáde.

"Orí ló yọ ọ́, ọkọ inú ilé. Ò bá jó ara ẹ mọ́ ọn."

Raditsa sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó rọra ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Ọkọ̀ àwọn ará ilé ọkọ mi ló máa gbé mi lọ́jọ́ Sátidé," ló wí. "Bàbá mi ló máa jókòó tì mí. Bàbá àgbà, ẹ̀yin ẹ máa fẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn."

Ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, àwọn méjèèjì sì jáde sínú èéfín. Àwọn obìnrin tẹ̀ lé wọn. Dobri dúró ti ọkọ̀ funfun náà tòun ti sípánà lọ́wọ́, ó ṣì ń retí kí ẹnì kan rẹ́rìn-ín.